Akọ Màlúù Kì Í Ṣàdédé Kàn

Ní àgbègbè Tchaourou, Nàgó a máa ra màlúù, ṣùgbọ́n Nàgó kì í sábà sìn ín fúnra rẹ̀. Ẹni tí iṣu rẹ̀ tà, tí òwú rẹ̀ mówó wá, tí kò sì fẹ́ kí owó náà yọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, a máa fi ra màlúù kan tàbí méjì, a sì fà á lé Fúlàní lọ́wọ́ ní gáà. Fúlàní ni ó ń dà á jẹko, obìnrin Fúlàní ni ó ń fún wàrà rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín yóò máa lọ wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí nígbà tí ìnáwó bá dé. Bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá wà láàárín àwọn méjèèjì, ètò yìí a máa pẹ́ títí, ọmọ a sì máa jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba. Bí ìgbẹ́kẹ̀lé kò bá sí, ẹjọ́ ni.

Nǹkan ti ń yí padà báyìí. Oko kaṣú ti gba ọ̀pọ̀ ibi tí ẹran ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé, tí wọn kò rí iṣẹ́ ìjọba, ń ronú sí ọ̀sìn. Àwọn mìíràn fẹ́ máa ta wàrà àti wàgáṣì ní Parakou, níbi tí ẹnu ti pọ̀, tí ọ̀nà ọ̀dà sì dé. Wọ́n wá ń kó ẹran wọn kúrò ní gáà, wọ́n ń ṣọgbà yí i ká lẹ́yìn ilé. Abo kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu. Akọ ni iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa tí kò tíì gbọ́ nípa ọmọkùnrin tí ìwo gún nítan, tàbí baba tí a gbé dé ilé-ìwòsàn pẹ̀lú egungun ìhà tí ó dá, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, màlúù tí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ni ó ṣe é.

Ohun tí ó ń dun àwa tí a ń kọ́ ọmọ níléèwé ni àlàyé tí a máa ń gbọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n á ní màlúù náà ya wèrè. Wọ́n á ní ọ̀tá ni ó rán an. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á dè é mọ́ igi nínú oòrùn láìfún un lómi, wọ́n á sì gba igi tì í, kí ó lè kọ́ ọgbọ́n. Lójú tiwa, akọ màlúù tí ó kan ènìyàn kò ya wèrè, ẹnikẹ́ni kò sì rán an. Ohun tí a ti kọ́ ọ láti kékeré, láìmọ̀, ni ó ń ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yéni, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹran tí à ń wí. Màlúù tí ó pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Borgou, orúkọ ẹkùn wa gan-an. Àdàlù ni: ẹ̀jẹ̀ màlúù kékeré aláìníké, irú èyí tí àwọn Somba ń sìn ní Atacora, pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ màlúù funfun oníké ti àwọn Fúlàní. Irú màlúù yìí ni wọ́n ń sìn, tí wọ́n sì ń ṣà, ní ilé-ọ̀sìn ìjọba tí ó wà létí odò Okpara, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1952 nígbà tí Faransé ṣì ń ṣe ìjọba lórí wa. Akọ Borgou tí ó dàgbà lè wọn 300 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi wé akọ Holstein ti Yúróòpù, tí ó lè tó 1 000 kílò, ẹ ó rí i pé tiwa kì í ṣe òmìrán. Àmọ́ 300 kílò tí ó ní ìwo, tí ó sì ń sáré bọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di í.

Wàrà abo Borgou kò pọ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀, ohun tí a ń rí fún lójúmọ́ kì í sábà ju lítà kan tàbí méjì lọ. Èyí ni ìjọba rò tí wọ́n fi mú màlúù Girolando wá láti Brazil sí ilé-ọ̀sìn Kpinnou, ní ìhà Mono. (Àwọn onímọ̀ ní irú eégbọn kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bá wọn wọlé, tí ó sì ń da àwọn olóhun-ọ̀sìn láàmú títí di òní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ẹni tí ó bá ń wá wàrà púpọ̀ yóò máa wo irú ẹran bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń mú ẹran wàrà ti òkè òkun wá, ó yẹ kí á béèrè irú àṣà ìtọ́jú tí ó bá a wá.

Ohun kan wà tí àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa, tí ó lè ya ènìyàn lẹ́nu: akọ màlúù wàrà ni wọ́n ń bẹ̀rù jù, ju akọ màlúù tí a ń sìn fún ẹran jíjẹ lọ. Irú ẹ̀jẹ̀ ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní oko wàrà ti ilẹ̀ wọn, wọ́n a máa gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kété tí a bá bí i, nítorí wàrà ni wọ́n fẹ́ tà. Ènìyàn ni ó ń fi ìgò tàbí garawa fún un mu, òun nìkan nínú iyàrá kékeré rẹ̀. Ọmọ màlúù tí kò rí irú ara rẹ̀ yóò gbà pé ènìyàn ni ẹgbẹ́ òun. Ní kékeré, ó dùn ún wò: yóò máa tẹ̀ lé yín kiri, yóò máa fi imú wá ọwọ́ yín. Nígbà tí ó bá wá tó nǹkan bí ọdún méjì, tí agbára akọ bá dé sí i lára, yóò fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá láàárín òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni akọ màlúù ṣe ń gbé láyé. Ta ni ẹgbẹ́ rẹ̀? Ẹ̀yin ni.

Edward Price àti S. J. R. Wallach, àwọn onímọ̀ ní California, ṣe ìwádìí lórí akọ màlúù Hereford, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1990. Nínú àwọn tí a dá tọ́ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ènìyàn, 75 nínú 100 ni ó halẹ̀ mọ́ àwọn tí ó ń tọ́jú wọn. Nínú àwọn tí ó dàgbà láàárín ẹgbẹ́ wọn, 11 nínú 100 péré ni. Irú ẹran kan náà ni wọ́n o, ìwo kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ibi tí wọ́n gbà dàgbà ni ó yàtọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní gáà ní àárọ̀ kùtùkùtù. Obìnrin Fúlàní kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Yóò tú ọmọ náà sílẹ̀ kí ó kọ́kọ́ mu, kí wàrà lè sọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, yóò fún ìwọ̀nba tirẹ̀ sínú igbá, yóò sì dá ìyókù padà fún ẹni tí ó ni ín. Àwa tí a kàwé ti pe àṣà yìí ní ìfàsẹ́yìn, nítorí wàrà tí a ń rí kò pọ̀. A kò rí ohun mìíràn tí ó ń ti ibẹ̀ jáde: akọ màlúù tí ó mọ̀ pé màlúù ni òun. Ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta kàn-ǹ-gbọ̀n, àgbà akọ ti fi ìwo tì í sẹ́yìn nígbà tí ó ṣe àfojúdi, àwọn abo àgbà ti lé e kúrò nídìí omi. Kí ó tó di pé ó lágbára láti pa ènìyàn, ó ti ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Dale Lott àti Benjamin Hart, ti kọ̀wé nípa àwọn Fúlàní darandaran ní Nàìjíríà, ní 1977 àti ní 1979. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí ènìyàn tí kò ní okùn, tí kò ní ọgbà, tí ó ní ọ̀pá kan ṣoṣo, ṣe lè máa rìn láàárín màlúù oníwo púpọ̀ láìséwu. Ìdáhùn wọn ni pé darandaran náà ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀kan nínú agbo, ọ̀kan tí ipò rẹ̀ ga. Bí ọ̀dọ́ akọ bá halẹ̀ mọ́ ọn, kì í sá, yóò sì fi ọ̀pá dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kí àfojúdi náà má bàa di àṣà. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé ó ń fọwọ́ pa wọ́n lára, ó ń yọ eégbọn lára wọn, ó ń họ wọ́n lára ní irú ibi tí ìyá màlúù ti ń fi ahọ́n lá ọmọ rẹ̀. Màlúù mọ̀ ọ́n ní ọ̀gá, ó sì tún mọ̀ ọ́n ní ẹni rere. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ó ń dùn wá nígbà tí a bá gbọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé ń fi ọmọ darandaran ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ̀wé. Ìwé tí ọmọ náà ń kà wà lórí ìrìn, ó sì ní ìwo méjì.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kìlọ̀. Ọmọ Fúlàní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí láti ọmọ ọdún mélòó kan, pẹ̀lú ọmọ màlúù, lábẹ́ ojú baba rẹ̀. Ẹni tí ó ra akọ màlúù lánàá kò gbọdọ̀ mú ọ̀pá lónìí kí ó lọ máa ṣe bí ọ̀gá fún un. Lílù kò sì lè rọ́pò ìfọwọ́pa. Ẹran tí kò mọ yín ju ní ojú pàṣán lọ yóò máa wá ọjọ́ tí ẹ̀yìn yín bá yí sí i.

Ohun tí olóhun-ọ̀sìn tuntun lè ṣe kò le. Bí ó bá fẹ́ fún wàrà, kí ó fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní gáà. Bí ìyá bá kú, tí ó di dandan pé kí ènìyàn fún ọmọ lóúnjẹ, kí a máa kó o pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ mìíràn, kì í ṣe kí a so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa fi ọwọ́ ti ọmọ akọ níwájú orí kí ó lè máa fi orí tì wọ́n padà. Eré yìí ni ó wọ́pọ̀ jù, òun ni ó sì burú jù. Àwọn ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín, ìyá wọn náà á máa rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ìkàn ni wọ́n ń kọ́ ọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Akọ màlúù kì í sábà bá ènìyàn jà láìkọ́kọ́ sọ ọ́. Àwa ni a kì í gbọ́ èdè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń dúró kí ó kọjú sí wọn kí wọ́n tó bẹ̀rù, nígbà tí ó jẹ́ pé ìkìlọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí ó dúró ní ìbú, kí ẹ lè rí bí òun ti tóbi tó. Ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, orí rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, ọrùn rẹ̀ á wú, ojú rẹ̀ á yọ síta. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ó ń wá koríko ni. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa fi ẹsẹ̀ iwájú wa ilẹ̀ sẹ́yìn, yóò máa fi ìwo àti ọrùn gbo erùpẹ̀, yóò máa kùn. Nígbà tí ó bá wá yí padà, tí ó kọjú sí yín tààrà, tí ó ń mi orí, àsìkò ìbánisọ̀rọ̀ ti ń lọ sópin.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sáré: ó yára jù yín lọ, sísá sì ń pè é. Ẹ má ṣe kọ̀yìn sí i. Ẹ máa wò ó, kí ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ẹ ó fi jìnnà sí i tó ìwọ̀n mítà mẹ́fà ó kéré tán, nítorí akọ màlúù ní àyíká kan tí ó kà sí tirẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí ó sì ń béèrè kò ju pé kí ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Bí ó bá ṣì ń bọ̀, ẹ ju fìlà, aṣọ tàbí àpò tí ó wà lọ́wọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ sí ìdí igi tàbí ẹ̀yìn ọgbà. Kí ẹ sì rántí pé ojú màlúù wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn padà, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i láìfọhùn ti dẹ́rù bà á, ẹ̀rù sì ń bí ìjà gẹ́gẹ́ bí ìbínú ti ń bí i.

Àwọn ọmọ iléèwé wa a máa bi wá bóyá aṣọ pupa ni ó ń bí akọ màlúù nínú, nítorí wọ́n ti rí àwòrán ìjà màlúù ti Spain àti ti gúúsù Faransé. Rárá. Ojú màlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ dá pupa mọ̀ yàtọ̀. Fífì tí a ń fi aṣọ náà ni ó ń rí. Kakí iléèwé yín, bí ẹ bá ń fì í níwájú rẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ní ti ọgbà, ohun kan ṣoṣo ni a ó tẹnu mọ́: kí ènìyàn lè jáde níbi tí ẹran kò ti lè jáde. Àlàfo tí kò ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ láàárín òpó méjì tí ó lágbára, ní igun méjì ó kéré tán, tó. Ẹni tí ó bá lè fi ìhà wọ ibẹ̀ ti bọ́. Akọ màlúù kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Iye owó rẹ̀ kò ju ti òpó lọ, bẹ́ẹ̀ ọgbà tí a rí tí ó ní i lágbègbè wa kò pọ̀. Kí ẹnì kan má sì ṣe dá wọ ọgbà akọ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn wà nítòsí tí ó lè gbọ́ igbe rẹ̀. Òrùka imú dára bí dókítà ẹran bá fi sí i nígbà tí ó wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, kí a sì máa fi ọ̀pá tí ó ní ìwọ̀ mú un, kì í ṣe okùn lásán, nítorí okùn ń fà á wá, kò lè tì í sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń fa òrùka náà láti fi jẹ ẹ́ níyà yóò rí i pé ẹran náà yóò máa sá fún ọwọ́ rẹ̀ tàbí kí ó kọlu ọwọ́ náà.

Akọ tí a kò nílò fún gígùn, kí a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ní kékeré. Èyí kì í ṣe ohun tuntun ní Borgou. Láti ìgbà tí òwú ti gbilẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Bàrìbá àti Nàgó ti ń fi àjàgà sọ́rùn màlúù méjì láti fi túlẹ̀, òdá sì ni wọ́n ń lò. Ohun tí ó yẹ kí á fi sílẹ̀ ni òkúta àti ọ̀bẹ. Ẹ̀mú tí wọ́n ń pè ní Burdizzo, orúkọ ará Ítálì tí ó ṣe é, ń tẹ iṣan inú láti òde, kò ń la awọ, nítorí náà eṣinṣin kò rí ọgbẹ́ bà lé. Kí dókítà ẹran ṣe é pẹ̀lú oògùn tí ń pa ìrora. Bí a bá dúró kí akọ pé ọdún mẹ́ta, kí ó ti kan ènìyàn méjì, kí a tó rántí ẹ̀mú, agbára lè dínkù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà tí ó ti kọ́ kì í tètè lọ.

Akọ tí ó bá ti lépa ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kò yẹ fún agbo mọ́. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan, nítorí owó tí wọ́n fi rà á, tàbí nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń fún wàrà dáadáa. Kí wọ́n tà á fún alápatà, kí a pa á kíákíá láìjẹ ẹ́ níyà. Ẹni tí ó bá tà á fún olóhun-ọ̀sìn mìíràn láìsọ òtítọ́ ti ta ewu.

Ọ̀ràn oko náà wà. Bí àgbẹ̀ bá bá akọ màlúù nínú iṣu rẹ̀, tí ó fà àdá yọ, ẹran tí ó gbọgbẹ́ náà di ewu ìlọ́po méjì, ìjà tí yóò sì tẹ̀ lé e láàárín ilé àti gáà lè ju iye iṣu náà lọ. Òfin wà: òfin nọ́ńbà 2018-20 ti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code pastoral, ti ṣètò ibi tí ẹran lè gbà àti bí a ṣe ń yanjú aáwọ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran. Kí a pe olórí abúlé, kí a wọn ibi tí ó bàjẹ́, kí a sì ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń da ẹran náà kí ó wá mú un. Òun ni ó mọ̀ ọ́n.

Nínú ìlú, nígbà ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ọ̀nà mìíràn ni ewu ń gbà wọlé. Wọ́n á fi okùn fa akọ màlúù kan ṣoṣo, tí kò kúrò ní gáà rí, gba àárín zémìjáàn àti ìlù wọ ìlú. Okùn á já. Àwọn ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé e pẹ̀lú òkúta àti igbe, láti àdúgbò dé àdúgbò, títí yóò fi rí ẹni tí kò lè sá. Àwọn Fúlàní tí a bá ránṣẹ́ sí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sáré. Wọ́n á ní kí àwọn èwe kúrò lójú ọ̀nà, kí àwọn ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á lọ mú abo méjì tàbí mẹ́ta wá láti inú agbo tí ó ti wá, wọ́n á sì rọra dà wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ náà á dúró, á gbé imú sókè, á gbóòórùn wọn, á sì tẹ̀ lé wọn.